Ṣọ́ọ̀bù Kan Tí Wọn Ò Ṣí Nínú Imú Mi

Ìran onírú ni wá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi sè é, ìyá ìyá mi sè é. Ẹni tó bí ìyá ìyá mi ńkọ́? Bí wọn ò bá purọ́ fún mi, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò irú ni wọ́n ti gbẹ̀bí rẹ̀. Ohun tí ìyá mi fi ń yangàn ni pé imú wa le. Bí wọ́n bá gbé ìyàwó tuntun wọ ilé wa, á máa bì ní gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyá mi á ní oyún ni, kí wọ́n lọ wá ọ̀já sílẹ̀. Oyún ọ̀hún kì í sì í dé bọ̀rọ̀. Ní ti èmi àti ìyá mi, a ó fẹ̀yìn ti agbọ̀n irú, a ó mu ẹ̀kọ wa níbẹ̀, a ó sùn níbẹ̀. Mo rò pé ìgboyà ni. Láti kékeré títí irun mi fi funfun ni mo fi ń gbéraga, àṣé àbùkù ara ni.

Ọdún 1999 ni mo tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Pọ́tákọ́ọ̀tù. Ọmọ wa obìnrin kan ṣoṣo wà lẹ́yìn mi, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Aránṣọ ni ọkọ mi. Wọ́n ti sọ fún un pé àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì ń rán aṣọ bí ẹni ń jẹun. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n a ti dé. A gba yàrá kan ní Rumuokwurushi, ọkọ mi gba ṣọ́ọ̀bù tóóró kan sí ẹ̀gbẹ́ títì, èmi tẹ́ igbá mi sí ọjà Rumuokoro. Irú láti ilé ni mò ń tà, wooro àti pẹ̀tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń dì í sínú mọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Gbogbo Yorùbá tó wà nílùú yẹn, oníṣẹ́ báǹkì ni o, oníṣẹ́ epo ni o, kápẹ́ńtà ni o, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ní bí mo bá ti ṣí ìdérí ike mi, ńṣe ló ń dà bíi pé àwọn dé ẹ̀yìnkùlé ìyá àwọn. Ẹlòmíràn a sọ bẹ́ẹ̀ tán, a sún sẹ́yìn díẹ̀. N kò bi wọ́n ní ìdí rẹ̀. Ní tèmi, bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan ni irú ṣe ń ta sánsán, pẹ̀lú nǹkan kan bí omi ẹran lábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ohun tí gbogbo ayé ń gbọ́ nìyẹn.

Nínú yàrá wa ni mo ń kó irú sí. Níbo ni kí n kó o sí? Bí ó bá sùn lọ́jà, eku á jẹ ẹ́. Bí ó bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ará ilé á pariwo. Onírú tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọjà òun sùn níbi tí òun fúnra rẹ̀ ò sùn, ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ike ńlá mẹ́rin ni, ewé lórí irú, ìdérí lórí ewé, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Okùn tí a ń fi aṣọ kọ́ sì gba orí wọn kọjá.

Ọkọ mi bá mi sun yàrá yẹn fún bí oṣù kan. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹní jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ooru ń mú òun. Òjò ìlú yìí kì í dá, ẹ̀fọn ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyẹ, síbẹ̀ ooru ń mú ọkùnrin yìí. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo ní bóyá ọlọ́dẹ ni bàbá rẹ̀, kí ó máa gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ onílé. Á rẹ́rìn-ín, á fa aṣọ bo orí. Ibẹ̀ ló ń sùn títí ó fi kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bọ́ọ̀sì. Bí mo bá gbé ike wọ bọ́ọ̀sì ní páàkì, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á fi ọwọ́ bo imú, ẹni iwájú á ṣí fèrèsé. Mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n: wọ́n kórìíra wa ni. Ẹnu tèmi náà kì í sì í ṣe ẹnu tí í dákẹ́. Ọkùnrin kan bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Mama, wetin die for your load?" Mo ní ìyá ìyàwó rẹ̀ ni, mo ń gbé e lọ sin. Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ọwọ́ kalẹ̀ nímú. Mo bi wọ́n pé ògìrì tí àwọn náà ń fi sọ́bẹ̀ ńkọ́, ṣé lọ́fínńdà ni? Obìnrin kan dá mi lóhùn pé ògìrì máa ń dé ibì kan kó dúró, pé tèmi yìí ò mọ ibi tí wọ́n ń dúró. Mo sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó jagun ṣẹ́gun. Ìjà bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọjà mi tà.

Ọmọ mi ni kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Pidgin ni wọ́n fi tọ́ ọ ní àdúgbò, Yorùbá rẹ̀ dà bí aṣọ àyálò, ibì kan fún, ibì kan ṣo. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti báàgì ìwé rẹ̀.

"Mọ́mì, irú yẹn ń rùn lára mi," ó wí. "Wọn ò fẹ́ jókòó tì mí."

Mo ṣí ike kan, mo ti imú bọ inú rẹ̀, mo fà á títí ó fi dé ìsàlẹ̀ ikùn. Mo ní kí ó wò mí dáadáa, ṣé mo kú? Mo ní irọ́ ló ń pa, àwọn ọmọ ilé ìwé ló kọ́ ọ láti máa fi ìyá rẹ̀ tijú. Ó tún sọ ọ́ nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó sọ ọ́ ní méjìlá. Ó dé àkókò kan tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó jáde, ó ń fi kànìnkànìn bó ara rẹ̀ bí ẹni ń bó iṣu, mo ní kò mọ iye ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń rìn lọ pọnmi. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́. Mo ní ọmọ mi ti gbọ́n.

Bàbá rẹ̀ ló bá a wá ọ̀nà. Ní ọdún 2014, nígbà tí ọmọ náà ń ṣe ìdánwò àṣejáde, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti yá sísọ́ọ̀sì. Mo rí ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọmọ mi àti síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí ìṣó, nínú ọ̀rá, wọ́n so ẹnu ọ̀rá náà pinpin. Mo bi í pé kí ló gbé yunifọ́ọ̀mù dé ibí. Ó ń wo ẹsẹ̀ máṣíìnì rẹ̀. Ó ní eruku ni, pé eruku pọ̀ nílé. Eruku, nínú ìlú tí òjò ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Mo wo ọ̀rá náà, mo wo aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ tó wà nínú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ náà, ó wá yé mi pé ó ti pẹ́ tí bàbá àti ọmọ ti ń gbé nǹkan sá fún mi.

N kì í bínú kí n má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni mò ń rín tí mo fi gbé aṣọ náà délé. Ọmọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kàwé. Mo tú ọ̀rá, mo ṣí ike pẹ̀tẹ̀, mo tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà sórí ewé tó bo irú, mo da ìdérí dé e, mo jókòó lé e.

"Irú ló rà á," mo wí. "Kò gbọdọ̀ máa sá fún ẹni tó rà á."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ọmọ Pọ́tákọ́ọ̀tù ni, kì í kúnlẹ̀ kí ènìyàn àfi kí a fi ọ̀rọ̀ lé e wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn láìrán an. Ó ní kí n gbé e sínú òjò, kí n jù ú sí gọ́tà pàápàá, kí n ṣáà má fi síbẹ̀, pé ìdánwò ìṣirò ni àwọn máa ṣe lọ́la. Mo bi í pé ṣé ṣẹ́ẹ̀tì ló máa ṣe ìṣirò ni? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo tún un sọ lọ́jà lọ́jọ́ kejì, a sì rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní, ó wọ̀ ọ́ lọ. Ó dé, kò sunkún, ó wẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Nígbà tí èsì jáde, ìṣirò ti gbé e ṣubú. Mo ní mo kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀, kò kàwé. Kí ọdún náà tó parí, ó ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ìlọrin láti kọ́ṣẹ́ irun. Ó lọ́kọ níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ nìkan ló lọ síbi yìgì, èmi ní ọjà mi ń bọ̀ lọ́nà. Bí mo bá pè é lórí fóònù, kì í gbé e. Ní 2019 tí bàbá rẹ̀ kú, ó wá síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ, orí àga ní àgbàlá ló sì jókòó sí. A ní kó wọlé wá jẹun, ó ní ebi ò pa òun. Kò fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà yàrá títí ó fi padà lọ. Mo sọ fún àwọn ènìyàn pé irun orí ìyàwó olówó tó ń dì ló ti ń gùn ún.

Ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni oníbàárà mi kan wá bẹ̀ mí lọ́wẹ̀. Ọmọbìnrin Kwara ni, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Choba. Ó ní iṣẹ́ ìwádìí tí òun máa fi gboyè ni láti gbé àwọn ìgò kéékèèké fún ènìyàn gbóòórùn, kí òun kọ ohun tí wọ́n bá wí sílẹ̀. Ó ní imú onírú wu òun púpọ̀. Mo ní ó ti dé ibi tí imú wà. Ó jókòó sórí àpótí mi ní Rumuokoro, àwọn tí a jọ ń tajà yí wa ká. Ìgò àkọ́kọ́, mo ní ọsàn ni. Ìkejì, mo ní kànáfùrù. Ìkẹta, mo fà á, mo tún un fà.

"Omi ni," mo wí.

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó nà án sí alátà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Alátà ju orí sẹ́yìn bí ẹni tí ejò fẹ́ bù jẹ. Ó ní ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin tó fẹsẹ̀ rìn láti Kánò ni. Elépo pupa gbà á, ó tutọ́, ó wò mí, ó ní, "Na your shop dey inside this bottle." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú. Mo ní wọ́n ti gbìmọ̀ ni. Mo gba ìgò náà padà, mo fi sí ihò imú ọ̀tún, mo fi sí tòsì. Omi ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ìyá mi náà máa ń sùn ti irú. Mo ní kí ni ìyá mi ṣe? Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní ohun kan wà tí bàbá àti ìyá fi ń ránṣẹ́ sínú ara ọmọ, jíìnì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń júwe fún ara bí yóò ṣe pèsè oríṣiríṣi pùrótéènì, àwọn kan nínú wọn sì wà lókè nínú imú tí wọ́n ń dúró de òórùn. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ga jù mí lọ, kí ó sọ ọ́ bí ọjà.

Ó ní kí n wo imú bí ọjà tó ní ìsọ̀ rẹpẹtẹ. Òórùn ni oníbàárà. Pùrótéènì ni ẹni tó jókòó ní ìsọ̀, oníkálukú wọn ló sì ní oníbàárà tó mọ̀. Bí oníbàárà bá dé tó bá ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìyẹn á ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé àlejò ti wọlé. Jíìnì ni ìwé tí wọ́n fi ń gba ìsọ̀ náà.

"Ìwé tiyín ló ya, Màmá," ó wí. "Èyí tí bàbá yín fún yín ya, ti ìyá yín náà ya. Wọn ò ṣí ṣọ́ọ̀bù yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín. Oníbàárà ń dé, ó ń bá ilẹ̀kùn ní títì, ó ń lọ."

Ó ní irú kì í ṣe òórùn kan, òórùn púpọ̀ tó wé mọ́ra ni. Ẹ̀pà yíyan tí mò ń gbọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èyí tó ń lé ènìyàn sá ni ilẹ̀kùn tì mọ́ lọ́dọ̀ mi. Mo bi í pé bí ọmọ bá jáde lára mi ńkọ́. Ó ní bí ìwé bàbá rẹ̀ bá pé, ẹyọ kan náà tó, ọmọ náà á gbọ́ ọ ketekete.

Mo rẹ́rìn-ín, mo tajà di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo délé, n kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ọkọ mi máa ń tẹ́ ẹní sí. Kì í ṣe ooru. Ogún ọdún nínú ẹ̀fọn, kò sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bóyá ìfẹ́ ni, bóyá ẹ̀rù ẹnu mi ni, n kò mọ̀, ẹni tí mo lè bi sì ti wà nínú sàréè.

Lọ́jọ́ kejì lọ́jà, mo fi fóònù alátà pe ọmọ mi, kí ó má baà mọ̀ pé èmi ni. Ó gbé e. Mo sọ ti ìgò fún un, mo sọ ti ṣọ́ọ̀bù àti ìwé tó ya. Bí ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ mi tán. Ó wá sọ ti ọjọ́ ìṣirò fún mi, jẹ́jẹ́, bíi pé ọmọ ẹlòmíràn ni. Ó ní kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwọn jókòó tí àwọn yòókù fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Olùṣọ́ ìdánwò gbé àga ọmọ mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òjò dé, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ sórí ìwé rẹ̀, ìdáhùn tó kọ ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní kó wọlé padà. Ó ní òun dìde kí àkókò tó tó ìdajì. Mo ní n kò mọ̀. Mo ní jíìnì ni.

"Mọ́mì, òórùn kọ́," ó wí. "Èmi náà ń jẹ irú. Ọdún mélòó ni mo fi sọ ọ́ fún yín? Ẹ ní irọ́ ni mò ń pa. Ṣé jíìnì ló sọ ìyẹn náà?"

Mo dá fóònù padà fún alátà.

Mo kó irú kúrò nínú yàrá. Mo gba ibì kan lẹ́yìn ọjà fún un, eku ń jẹ ẹ́, mo ní kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Mo ju bẹ́ẹ̀dì nù, mo fi ọṣẹ àti eérú họ ilẹ̀, mo ní kí wọ́n kun ògiri àti àjà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ le sí: báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti lọ? Mo pe àwọn ará ilé, wọ́n ní ó ti lọ, ẹsẹ̀ wọn ò tíì wọlé tí wọ́n ti ní ó ti lọ. Mo pe àwọn oníbàárà mi, wọ́n ní ó ti lọ, Màmá, ẹ má dààmú ara yín. Ta ni yóò wo ojú arúgbó opó tí yóò sọ fún un pé ilé rẹ̀ ń rùn? Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bu ẹnikẹ́ni tó bá sọ ọ́. Mo ti kọ́ gbogbo wọn ní irọ́ tán, wọ́n sì mọ̀ ọ́n pa. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn nìkan ni ì bá sọ òótọ́, ó sì ti lọ sin ìlú lókè Ọya.

Mo bẹ ọmọ mi títí. Lọ́dún tó kọjá ló tó wá, tòun ti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti pé ọdún mẹ́rin. Ó ní ọjọ́ méjì ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. N kò wo imú ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó wọlé, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó wo ògiri yí ká.

"Ó ti lọ, Mọ́mì," ó wí. "Ilé mọ́."

Ọmọ kékeré náà sáré wọlé tẹ̀ lé e. Ó dé àárín yàrá, ó dúró, ó fi ìka méjì fún imú rẹ̀ pọ̀.

"Mọ́mì mi, kí ló ń rùn?"

"Irọ́ ni," ni ìyá rẹ̀ wí kíá. "Má parọ́. Kò sí nǹkan tó ń rùn."

Ọ̀rọ̀ mi gan-an ni, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ nítorí mi. Ojú rẹ̀ bá tèmi pàdé, ó yí i kúrò. Mo ní kì í ṣe irọ́. Mo ní kí ó má sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà mọ́ láé, pé ohun tí imú rẹ̀ gbọ́ ló wí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọmọ náà. Mo ní kí a jáde, ìyá àgbà á mú un lọ síbi tí afẹ́fẹ́ wà, bóyá àjà ló kù tí n kò fọ̀ dáadáa.

A dé àárín àgbàlá. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, atẹ́gùn ń fẹ́ láti ìhà títì, aṣọ àwọn ará ilé ń fò lórí okùn. A ti jìnnà sí yàrá. Mo ní, ó dára báyìí, àbí? Ọmọ náà gbé orí kúrò lẹ́jìká mi. Kò sọ ọwọ́ kalẹ̀ nímú. Kì í ṣe yàrá ló ń rùn, èmi ni.

Ìyá rẹ̀ ti jáde tẹ̀ lé wa. Ó na ọwọ́, ó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.